Kírísítì ru ẹ̀ṣẹ̀ wa: ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ àti ohun tí kò sọ

Ní Pobè àti ní Sakété, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú: Jésù ti ru ẹ̀ṣẹ̀ wa. Àwọn Àgùdà ń sọ ọ́, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń sọ ọ́, àwọn Sẹ̀lẹ́ aláṣọ funfun náà ń sọ ọ́. Ọmọ tó ń lọ sí catéchisme á ti mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè pé, "Báwo ni èèyàn kan ṣe lè ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn?", ìdáhùn kì í tètè yá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti inú ilé ìjọsìn nìkan. Ó kan ẹni tó jẹ gbèsè, tó wá ní Jésù ti san gbogbo rẹ̀. Ó kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń bá ọmọ náà jà. Ó kan ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí tí ọ̀kan sì ń lọ ilé ìjọsìn, tí wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹun ọdún. Ìdí nìyí tí a fi kó àlàyé rẹ̀ jọ síbí, kí ẹni tó gbà á mọ ohun tó gbà, kí ẹni tí kò gbà á náà sì mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀kọ́ náà ní kúkúrú

Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ó ba àárín èèyàn àti Ọlọ́run jẹ́, ó sì ba àárín èèyàn àti èèyàn jẹ́. Èkejì, èèyàn ò lè fúnra rẹ̀ tún un ṣe tán. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ lè sunkún, ó lè ṣoore lónìí, ṣùgbọ́n oore òní kò sọ ohun tó ṣe lánàá di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá ojútùú. Jésù Kírísítì, tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀, ó gba ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn fà, ó kú lórí àgbélébùú, ó sì jíǹde. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ tó sì yí padà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Ikú yẹn ní ibi àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ìlú Jerúsálẹ́mù ni, nígbà tí Pọ́ńtíù Pílátù ń ṣe gómìnà Jùdíà fún àwọn ará Róòmù, láàárín nǹkan bí ọdún 26 sí 36. Kíkàn mọ́ igi jẹ́ ìyà tí àwọn ará Róòmù fi ń jẹ àwọn ẹrú àti àwọn ọlọ̀tẹ̀. Èyí jẹ́ ohun tí àwọn onítàn ń wádìí. Pé ikú náà ru ẹ̀ṣẹ̀ aráyé, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, òun gan-an sì ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Rú àti ru

Ní èdè wa, ẹni tó gbé igi lórí, a ní ó ru igi. Ẹni tó mú ẹran lọ sí ojúbọ, a ní ó rú ẹbọ. Bí a bá kọ méjèèjì láì fi àmì sí i, wọ́n jọra. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Ẹni tó ń rú ẹbọ, nǹkan mìíràn ló ń fi sílẹ̀: àkùkọ, ewúrẹ́, obì, epo. Ẹni tó ń ru ẹrù, ọrùn tirẹ̀ ló ń dùn ún.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, méjèèjì pàdé lára ẹnìkan ṣoṣo. Jésù ni àlùfáà tó rú ẹbọ, òun kan náà ni ohun tí wọ́n fi rú ẹbọ, òun ló sì ru ẹrù náà. Ìwé Hébérù, orí 9 àti 10, ló ṣàlàyé èyí jù lọ.

Àwọn tó ń ka Bíbélì ní Faransé máa bá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Expiation ni ohun tí à ń pè ní ètùtù. Rédemption tàbí rachat ni ìràpadà. Rançon ni owó ìràpadà. Pardon ni ìdáríjì, àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí. Ẹni tó bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú tásì á ní "pardon", ó tán. Ní èdè wa, "ẹ má bínú" ni à ń sọ fún irú ìyẹn. Ìdáríjì tóbi jù ú lọ: ọ̀ràn ti wà nílẹ̀, a mọ ẹni tó dá a, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì gbà láti má ṣe kà á sí i lọ́rùn.

Ó dára kí a mọ bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ inú Bíbélì Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Òun ló tú ìwé Róòmù sí èdè Yorùbá, ìwé náà sì jáde ní 1850, lára àwọn ìwé Bíbélì tó kọ́kọ́ jáde ní èdè wa. Bíbélì odindi parí ní 1884. Ìwé Róòmù yìí gan-an ló sọ jù lọ nípa bí Ọlọ́run ṣe ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre. Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú ẹbọ àti ètùtù lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ òrìṣà, wọ́n sì mú àlùfáà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀ ni a fi ń sọ ẹ̀kọ́ yìí. Ìyẹn mú kí ó tètè yé wa. Nígbà mìíràn, ìyẹn náà ló ń jẹ́ ká ṣì í gbọ́, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ibi tí a lè kà á

Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ibi wọ̀nyí.

Léfítíkù (Lévitique) orí 16. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa ń mú òbúkọ méjì. Wọ́n á pa ọ̀kan. Olórí àlùfáà á gbé ọwọ́ lé ìkejì lórí, á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìlú lé e, wọ́n á sì lé e lọ sínú aginjù. Ẹran náà ru ẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé.

Aísáyà (Ésaïe) orí 53. Wòlíì sọ nípa ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí wọ́n kẹ́gàn, tí ó jìyà nítorí ìwà àwọn ẹlòmíràn, tí kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbà pé Jésù ni. Àwọn Júù tó pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni wòlíì náà ń sọ.

Máàkù (Marc) 10:45. Jésù fúnra rẹ̀ pe ẹ̀mí rẹ̀ ní owó ìràpadà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní orí 15, Pílátù dá Bárábà sílẹ̀, ẹni tí wọ́n dè mọ́ra pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ apànìyàn, ó sì fa Jésù lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó kú lọ sílé. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló kú.

Jòhánù (Jean) 1:29. Jòhánù Onítẹ̀bọmi pe Jésù ní ọ̀dọ́ àgùntàn Ọlọ́run tí ń kó ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

2 Kọ́ríńtì 5:18-21 àti 1 Pétérù 2:24. Àwọn àpọ́sítélì sọ pé ó ru ẹ̀ṣẹ̀ wa nínú ara rẹ̀ kí àwa lè gbé ìgbé ayé òdodo. Ẹ kíyè sí "kí àwa lè" yẹn. Ẹrù tó gbé kúrò lórí wa ní ìdí.

Àpẹẹrẹ mẹ́rin, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn olùkọ́ ìjọ ti ń wá àpẹẹrẹ tí wọ́n lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí èyí tó gbé gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó bá di ọ̀kan ṣoṣo mú, tó sọ ìyókù nù, á ṣìnà.

Gbèsè. Ẹni tó bá gba owó nínú àjọ tàbí ní ilé ìfowópamọ́ máa ń mú onígbọ̀wọ́ wá. Bí kò bá rí owó san, onígbọ̀wọ́ á san án. Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí Fílémónì nítorí ẹrú kan, Ónẹ́símù, tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kọ ọ́ sí ọrùn mi. Bẹ́ẹ̀ ni Kírísítì ṣe dúró fún wa. Ibi tí àpẹẹrẹ yìí dé ni pé owó ò ní ojú: ẹnikẹ́ni ló lè san án. Ẹ̀bi kì í ṣe owó. Kò ṣeé kó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bí ẹni kó bílẹ́ẹ̀tì.

Ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí ìdílé kan bá yá owó, wọ́n lè fi ọmọ wọn kan ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe dúró fún èlé; kò dín owó gan-an kù. Ó lè kọ ebè fún ọdún mẹ́wàá, owó náà á ṣì wà bó ṣe wà. Kò ní kúrò níbẹ̀ àyàfi bí ẹnìkan bá mú owó pípé wá rà á padà. Àpẹẹrẹ yìí jẹ́ kí a mọ ìdí tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi ń sọ pé iṣẹ́ rere nìkan ò lè gba èèyàn là. Ibi tó ń dá ìṣòro sílẹ̀ ni ìbéèrè yìí: ta ni wọ́n san owó náà fún? Àwọn olùkọ́ àtijọ́ kan, bí Origen ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, sọ ọ́ bí ẹni pé Èṣù ni (Satani Bíbélì ni à ń wí, kì í ṣe Èṣù tí àwọn onífá mọ̀). Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé tó parí ní 1098. Ó ní olè kì í ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó jí. Ọlọ́run ni èèyàn jẹ ní gbèsè ọlá àti ìgbọràn.

Ètùtù. Èyí ni a tètè ń gbọ́ jù, òun náà la sì tètè ń ṣì gbọ́. Nínú ètùtù tí a mọ̀, ẹnìkan ń bínú, èèyàn á wá nǹkan lọ tù ú lójú. Bí a bá gbé èyí lọ sínú Bíbélì bó ṣe rí, á dà bí ẹni pé Ọlọ́run ń wá ẹ̀jẹ̀, tí Jésù wá fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ pa ìbínú rẹ̀. Ohun tí ìwé Róòmù orí 3 sọ yàtọ̀. Ọlọ́run tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló pèsè ètùtù náà. Kì í ṣe èèyàn ló ń mú nǹkan lọ bá Ọlọ́run kí ó lè fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́run tó ti fẹ́ràn èèyàn ló ń mú nǹkan wá.

Ogun. Ní 1930, Gustaf Aulén, olùkọ́ ìjọ ní Sweden, kọ ìwé kan láti rán àwọn èèyàn létí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì rí àgbélébùú gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun lórí ẹ̀ṣẹ̀, ikú àti Satani. Àpẹẹrẹ yìí wọ àwa ará ilẹ̀ yìí lára, nítorí ìbẹ̀rù àjẹ́ àti àsàsí ò tíì tán láàárín wa. Ibi tó dé ni pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá di ti ọ̀tá ilé àti ọ̀tá ìta, a ó gbàgbé ohun tí àwa fúnra wa ṣe. Ẹni tó fìyà jẹ ìyàwó rẹ̀ ò nílò ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ó nílò kó jẹ́wọ́.

Ṣé ó tọ́ kí aláìṣẹ̀ jìyà ẹlẹ́ṣẹ̀?

Ìbéèrè tó le jù lọ nìyí, kò sì yẹ ká sá fún un. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ń bi wá, wọ́n sì ní ìdí. Kùránì sọ ọ́ ní ibi púpọ̀, bí àpẹẹrẹ ní Súrà 6:164, 17:15 àti 35:18, pé ọkàn kan kì í ru ẹrù ọkàn mìíràn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn náà ni. Súrà 4:157 sì sọ pé wọn ò pa Ànábì Ísà, wọn ò sì kàn án mọ́ igi. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, Ọlọ́run alágbára ni. Bí ẹrú rẹ̀ bá ronú pìwà dà, ó lè dárí jì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ru nǹkan kan.

Bíbélì pàápàá ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Diutarónómì 24:16 àti Ìsíkíẹ́lì (Ézéchiel) orí 18 sọ pé baba ò ní kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, ọmọ ò sì ní kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba. Òfin ilẹ̀ wa ò yàtọ̀. Bí adájọ́ bá rán ẹnìkan lọ sẹ́wọ̀n, àbúrò rẹ̀ ò lè lọ ṣẹ̀wọ̀n náà ní ipò rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Kí wá ni ìdáhùn àwọn Kìrìsìtẹ́nì? Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń sọ.

Wọ́n ní Jésù kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn tí Ọlọ́run rí lọ́nà tó sì mú. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wà nínú Kírísítì. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ló gbé ìyà ọ̀ràn náà sórí ara rẹ̀. Èyí ò sì ṣàjèjì sí wa pátápátá: ẹnikẹ́ni tó bá ti dárí ji èèyàn ní tòótọ́ mọ̀ pé àdánù náà ò fò lọ, ẹni tó dárí jì ló gbé e mì.

Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò fipá mú un. Ní Jòhánù orí 10, Jésù sọ pé òun fúnra òun ni òun fi ẹ̀mí òun lélẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ òun.

Wọ́n ní onígbàgbọ́ àti Kírísítì kì í ṣe àjèjì méjì tó pààrọ̀ ẹrù lọ́jà. Wọ́n ti di ara kan. Ibí yìí ni àṣà wa ti ràn wá lọ́wọ́. Bí ọmọ ilé kan bá ṣe àwọn ará ilé mìíràn ní ohun tí kò dáa, baálé á lọ síbẹ̀. Á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun funfun ti kún orí rẹ̀. Kì í ní "ọmọ yín ló ṣe é". Á ní "a jẹ̀bi, ẹ forí jì wá". Òun kọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jẹ́ tirẹ̀, ìtìjú ọmọ ti di ìtìjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní kó dìde, ọmọ náà náà lè gba iwájú ilé wọn kọjá. Ẹni tó bá ti rí irú ìdọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ti sún mọ́ ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń sọ.

Ìdáhùn yìí ò mú kí Mùsùlùmí gbà, a ò sì retí pé kó gbà nítorí àlàyé. Ìyàtọ̀ náà jinlẹ̀. Ohun tó dára ni kí a mọ ibi tó wà gan-an. Kì í ṣe pé Kìrìsìtẹ́nì gbà kí ẹlẹ́bi máa lọ lófìfo, kì í sì í ṣe pé Mùsùlùmí ò mọ àánú Ọlọ́run. Ìjiyàn náà wà lórí bí àánú yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Ẹni tó yọ̀ǹda àti ẹni tí wọ́n di ẹrù lé

Kókó kejì yẹn, pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ṣe pàtàkì gan-an ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní àárín àwọn Ewe, pàápàá ní apá Volta ní Gánà, àti ní Tógò àti Benin pẹ̀lú, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní trokosi ní Gánà. Bí ẹnìkan nínú ìdílé bá ṣẹ òrìṣà, wọ́n á mú ọmọbìnrin kan nínú ìdílé náà, tó lè má tíì pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n á fi sin ojúbọ kí ìyà má baà bá ìdílé. Ọ̀ràn náà lè ti wà láti ayé bàbá-ńlá rẹ̀; ọmọ náà lè má tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1998, Gánà ṣe òfin tó sọ irú ìsìnrú bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta.

Ọmọ yẹn náà ń ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣé ohun kan náà ni pẹ̀lú ti Kírísítì? Rárá o. Wọ́n di ẹrù lé ọmọ lórí, kò lè kọ̀. Alágbára ló wá aláìlágbára tó máa jìyà dípò rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí, ẹni tó ga jù lọ ló tẹrí ba fún ẹni tó kéré jù lọ, tinútinú rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Ìwé Hébérù tún fi kún un pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó tó títí láé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lóòótọ́, kò tún yẹ kí onígbàgbọ́ máa wá ẹlòmíràn tó máa di ẹ̀bi ìdílé rù: kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe opó, kì í ṣe ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́yìn abúlé. Ẹni tó ń kọrin àgbélébùú ní òwúrọ̀, tó sì ń na ìka sí arúgbó ní ìrọ̀lẹ́ pé òun ló ń pa ọmọ ilé, ohùn ẹ̀kọ́ náà ò tíì dé etí rẹ̀.

Bí àwọn ìjọ wa ṣe dì í mú

Ìkànìyàn ọdún 2013 ní orílẹ̀-èdè Benin fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 27,7 jẹ́ Mùsùlùmí, 25,5 jẹ́ Àgùdà, 6,7 jẹ́ Sẹ̀lẹ́, 3,4 sì jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn ìjọ mẹ́ta yìí gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Àgùdà. Àwọn àlùfáà SMA tó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní oṣù April 1861, tí Francesco Borghero ṣáájú wọn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà ní ilẹ̀ Benin bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni pé Mísà kì í ṣe ẹbọ tuntun. Ẹbọ kan ṣoṣo ti àgbélébùú ló ń wà níwájú àwọn èèyàn níbẹ̀. Ìpàdé Trent ló sọ ọ́ báyìí ní 1562. Catéchisme tó jáde ní 1992, ní ìpín 615, fi ìgbọràn ṣáájú: àìgbọràn wa ni Jésù fi ìgbọràn tirẹ̀ rọ́pò. Ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fadá á gba ìdáríjì, á sì gba iṣẹ́ ìrònúpìwàdà láti ṣe.

Mẹ́tọ́díìsì. Thomas Birch Freeman dé Badagry ní oṣù September 1842, ó sì lọ sí Abomey ní 1843 láti rí ọba Ghézo. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tẹnu mọ́ ìgbàgbọ́: ẹlẹ́ṣẹ̀ ò fi nǹkan kan ra ìdáríjì. Wọ́n tún tẹ̀ lé John Wesley láti sọ pé gbogbo èèyàn ni Kírísítì kú fún, kì í ṣe àwọn kan tí a ti yàn ṣáájú.

Sẹ̀lẹ́. Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, tó dàgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló dá a sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọjọ́ 29 oṣù September 1947. Òfin ìjọ náà ò gba ọmọ ìjọ láàyè kí ó tún máa bọ òrìṣà. Ìdí rẹ̀ bá ohun tí à ń sọ mu: ẹni tó ti fi ẹrù rẹ̀ lé Jésù lórí ò ní tún máa wá ibòmíràn gbé e sí.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ò sọ

Ó kù ibi tó kan ìgbé ayé wa jù lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fi sí ẹ̀kọ́ yìí lẹ́nu.

"Jésù ti san gbèsè mi, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù orí 19, Sákéù, olórí agbowó-orí, gba Jésù sílé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣèlérí láti dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdáríjì Ọlọ́run ló jẹ́ kó lè san án. Ẹni tó jẹ owó àjọ, tàbí tó wọ inú ilẹ̀ àbúrò rẹ̀, tó sì ti ṣèrìbọmi, owó ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀.

"Ó ti ru gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ." Pọ́ọ̀lù gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà ayé rẹ̀, ó sì fèsì sí i nínú Róòmù orí 6: kò ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún kì í tún sáré padà lọ gbé e.

"Ó ń ṣàìsàn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni." Ní Jòhánù orí 9, wọ́n bi Jésù léèrè nípa ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú: ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ kiri.

"Mú owó wá kí ẹ̀ṣẹ̀ ìdílé yín lè kúrò." Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, Símónì onídán mú owó wá láti ra agbára Ọlọ́run, Pétérù sì bá a wí gidigidi. Fífi ọrẹ ran ìjọ lọ́wọ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá bù iye lé ìdáríjì, ìbáà wọ aṣọ funfun, ìbáà wọ kóòtù, kì í ṣe ẹ̀kọ́ yìí ló ń kọ́ni. Bí ẹrù bá ti kúrò lórí, owó alárù kí ni wọ́n tún ń gbà?

Ẹrù ara wa

Gálátíà orí 6 ní gbólóhùn méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Ní ẹsẹ 2, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará máa bá ara wọn ru ẹrù. Ní ẹsẹ 5, ó ní oníkálukú ló máa ru ẹrù tirẹ̀. Bí a bá fi ohun tí a ti sọ wò ó, wọn ò tako ara wọn. Iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi, gbèsè mi, èmi ni màá dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó wọ ẹnìkejì mi lọ́rùn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ìwọ̀n tí a lè fi wo ara wa nìyí, ní Pobè, ní Sakété, àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká. Ẹni tó bá gbà pé ẹnìkan ti ru èyí tó wúwo jù fún òun, ọrùn rẹ̀ ti fúyẹ́ tó láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Opó wà tí wọ́n fẹ́ gba oko ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wà tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì bá a ṣeré mọ́ ní ilé ìwé. Wọn ò ṣẹ̀, wọ́n sì ń ru ẹrù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ fún wọn.